Aṣọ Àwọ̀n Abibat

Bí ènìyàn bá bọ́ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè lónìí tó ní Abibat ni òun ń wá, wọn yóò bi í pé Abibat wo. Ṣùgbọ́n bó bá fi "Aláwọ̀n" kún un, ọlọ́kadà yóò gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Abibat tààrà, kò tiẹ̀ ní dúró gbọ́ orúkọ àdúgbò. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Máṣíìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú dígí gígùn kan àti bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń jókòó lé, tí wọ́n ń dúró de aṣọ tí àwọn ìyá wọn kò gbọdọ̀ rí. Bí oníbàárà bá ní kó bá òun rán nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ní bojú wò, Abibat á ní kó lọ ra aṣọ ìbora, ó kún ọjà. Ọ̀gá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Nathaniel lorúkọ rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wọ kóòtù aláwọ̀ eérú nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi òun rẹ́rìn-ín. Abibat rán ṣòkòtò aláwọ̀ ọsàn fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ọ̀gá náà sì bá wọn rín, ó padà wá rán méjì sí i.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lọ́dún 2002, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, kò ní gbà pé òun náà nìyí. Ọmọ Efire ni, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, ní Ogun Waterside. Apẹja ni bàbá rẹ̀, Mùbàṣírù Àlímì. Asimawu ìyá rẹ̀ ló ń yan ẹja náà, tó ń tà á ní Abigi. Kò sí ohun ìtìjú kan nínú èyí. Ẹja ló rán ọmọ náà níléèwé láti píráímárì. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú fọwọ́ bo imú, ó ní ta ló gbé ẹja wọlé. Kò sẹ́ni tó gbé ẹja wọlé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Abibat kò ti fẹnu kan ẹja. Síbẹ̀ ó dá a lójú pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sá pamọ́ sínú aṣọ. Ó ní gáùn aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, òun ló ń wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí yóò sì da lọ́fíńdà sí i títí ẹni tó bá jókòó tì í yóò fi máa sín. Bí wọ́n bá bi í níbi tó ti wá, Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò wí. Bí wọ́n bá bi í ní àdúgbò, yóò rántí pé òun ní kíláàsì. Irọ́ ọ̀hún kò wuyì, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ráyè yan irọ́ tó dáa.

Kíkẹ́lọmọ tó ń bá a gbé yàrá ló ká a mọ́. Ọmọ tíṣà ni Kíkẹ́lọmọ, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdílé Áńgílíkà tí wọn kì í fọ̀rọ̀ sínú. Ó bá Abibat níbi tó ti ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí fún ìgbà kejì lọ́jọ́ kan náà. Ó mú ọ̀kan nínú omi, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹja ò sí níbí. Ẹ̀rù lò ń fọ̀, ọṣẹ ò sì ní mú un." Abibat bú sẹ́kún, ó wá jẹ́wọ́ Efire fún un. Kíkẹ́lọmọ bi í pé bí ẹja yíyan bá wà nílé wọn lóòótọ́, kí ló wá dé tí òun kò tíì jẹ níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́.

Àṣírí kan wà tí Abibat kò sọ fún Kíkẹ́lọmọ pàápàá. Láàárín àwọn apẹja tó tọ́ ọ dàgbà, obìnrin kì í fọwọ́ kan àwọ̀n. Obìnrin lè ra ẹja, ó lè yan án, ó lè tà á, ó lè jẹ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dá àwọ̀n kọjá pẹ́nrẹ́n, ẹja yóò gbọ́, wọn yóò sì kó lọ sódò ẹlòmíràn. Bí ẹja ṣe ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó rí i sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abibat wà ní píráímárì kejì, ojú bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń rí ọkọ̀, ó ń rí ènìyàn, kò rí ojú okùn mọ́. Asimawu kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gbé àwọ̀n wọ ilé ìdáná lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń sùn. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò tẹ́ ẹ sórí itan, yóò máa so gbogbo ibi tó ti ya. Abibat á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wúkọ́ bí ẹnìkan bá ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bàbá yóò fọwọ́ tọ́ àwọ̀n náà wò, yóò ní ó dára, yóò sì gba odò lọ. Kò béèrè, ìyá kò sì sọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọmọ: ohun tójú rí nílé ìdáná, ẹnu kì í gbé e dé èbúté.

Nígbà tó di ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kéde ọjọ́ àṣà. Kí oníkálukú múra bí ará ìlú rẹ̀, kó bọ́ síwájú, kó sọ ibi tó ti wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti lọ ń ṣí àpótí ìyá àgbà wọn. Abibat ní tirẹ̀ ra oògùn ibà, ó tò ó sórí tábìlì, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ṣáájú pé ara òun kò ní yá lọ́jọ́ náà. Àfi bí awakọ̀ Abigi ṣe dé pẹ̀lú ẹja tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́. Àjákù àwọ̀n ni wọ́n fi di ẹja ọ̀hún. Kíkẹ́lọmọ dojú kọ ẹja. Abibat gbé àwọ̀n sókè sójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó gbé e lé èjìká, ó sì lọ dúró síwájú dígí. Ó ti pẹ́ tó ti wo dígí láìwá ohun tí yóò fi pamọ́. Lọ́jọ́ náà, ohun tó rí wù ú.

Ó rán awakọ̀ padà pé kí ìyá òun fi àjákù tó bá kù ránṣẹ́. Ìyá kò béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Odidi àpò kan ló dé lọ́sẹ̀ kejì. Máṣíìnì kò lè rán àwọ̀n, nítorí náà ọwọ́ ni Abibat fi so ó, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń so ó gan-an. Gáùn Kíkẹ́lọmọ kan tí kò lápá ló wà lábẹ́, ó pupa fòò, ó sì fún mọ́ ọn lára. Àwọ̀n wá bò ó látòkè: ó ní èjìká kan, kò ní èkejì, ó là sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn. Ó to àwọn òjé kéékèèké tí í máa ń mú àwọ̀n rì sí etí rẹ̀ nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá gbésẹ̀, aṣọ náà ń dún.

Ọjọ́ pé. Ẹsẹ̀ Abibat ń gbọ̀n débi pé òjé ti ń dún kó tó rìn rárá. Olùkọ́ kan yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀ kíá. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìn ní ìhòòhò gbáà lèyí, ẹnìkejì rẹ̀ ní ìhòòhò báwo, ṣé kò rí pupa ni. Abibat gba makirofóònù. Ó ní, "Abibat Àlímì ni mí. Efire ni mo ti wá. Apẹja ni bàbá mi, ẹja ló sì tọ́ mi." Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe rò lọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì láìsí ẹni tó ní kó tún un sọ, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo ilé. Ọmọbìnrin tó fọwọ́ bo imú lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ wá bá a. Ó ní ará Ìwòpín lòun, ìyá òun náà ń ta ẹja, ara òun lòun rò pé ó ń rùn lọ́jọ́ náà tí òun fi tètè pariwo. Abibat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń da lọ́fíńdà lásán.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ogun Waterside kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà tutù. Fọ́tò Abibat tòun ti aṣọ àwọ̀n ni wọ́n gbé sójú kàlẹ́ńdà wọn ti ọdún 2004, wọ́n sì pín in kiri. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Abigi, ó wà nílé oúnjẹ, ó wà nílé àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó dé Efire pẹ̀lú. Àlímì gba ẹyọ kan, ó ní kí wọ́n bá òun kàn án mọ́ ògiri pálọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹja wọ́n. Ẹja a máa wọ́n lóṣù kẹta nítorí pé omi ti fà, àwọn apẹja sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kéèyàn rántí ọdún tó kọjá, pàápàá nígbà tí tọdún yìí bá wà lára ògiri. Ọládòṣù ló kọ́kọ́ nàka sí i. Òun àti Àlímì àti ọkùnrin mẹ́rin mìíràn ló jọ ni àwọ̀n ńlá kan, tí wọ́n jọ ń fà, tí wọ́n jọ ń pín ẹja rẹ̀. Ó ní obìnrin gbé àwọ̀n wọ̀ bí aṣọ, ó tún fi ya fọ́tò, kí ni wọ́n fẹ́ kí ẹja ulú náà wá ṣe. Àwọn ìyókù mi orí pé òótọ́ ni.

Bí iṣẹ́ ṣe dé Àgọ́-Ìwòyè láti ọ̀dọ̀ olórí apẹja nìyẹn: kí Abibat gbé aṣọ náà wá sí èbúté lọ́jọ́ Sátidé, kó kúnlẹ̀, kí wọ́n sun ún níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá wá, kí bàbá rẹ̀ yọwọ́ nínú àwọ̀n ńlá. Ẹni tí wọ́n bá yọ nínú àwọ̀n ńlá, ìwọ̀ ló kù fún un, ẹni tójú rẹ̀ ṣú kò sì lè fi ìwọ̀ jẹun.

Abibat mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè parí ẹjọ́ náà. Bó bá ní kí wọ́n bi ìyá òun léèrè ẹni tó ń tún àwọ̀n ilé àwọn ṣe, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ náà bùṣe nìyẹn. Apẹja tí kò ríran mọ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a so àwọ̀n láti ọdún méjìlá, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ kí aṣọ náà jóná. Òun ni aṣọ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí kò fi ara pamọ́ sínú rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ní kó wá àwọ̀n mìíràn gbé lọ, pé iná kò mọ ìyàtọ̀. Abibat ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní rárá, bí wọn yóò bá sun ún, lára òun ni wọn yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ dé Abigi, ó yà sílé oníbàárà ìyá rẹ̀ kan, ó sì pààrọ̀ aṣọ. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní òun kì í gbé ẹja. Èkejì gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó kó gbogbo ìrù aṣọ náà mọ́ àyà kí táyà má baà fà á, ó sì gba owó ènìyàn méjì, ó ní aṣọ ọ̀hún tó ẹnìkan. Báyẹn ni wọ́n ṣe wọ Efire, tí òjé ń dún, tí àwọn ènìyàn ń jáde síta wò wọ́n. Ẹ̀rù ń ba Abibat gan-an. Ó jẹ́ kó máa bà á, ó sì gbé orí sókè.

Àwọn ọkùnrin ti pé sábẹ́ igi àgbọn ní èbúté. Olórí apẹja wà lórí àga, kẹ́rosíìnì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn. Ẹnu ya gbogbo wọn, nítorí inú báàgì ni wọ́n rò pé aṣọ náà yóò wà. Ọládòṣù bínú, ó ní ṣé yẹ̀yẹ́ ló wá fi àwọn ṣe ni. Olórí apẹja ní kó fara balẹ̀. Ó wá bi Abibat pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló kọ́ ọ pé obìnrin lè gbé àwọ̀n lé ara.

Ìbéèrè tí kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó wo ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Asimawu ń wò. Ó wo bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí etí ọkọ̀, tó dẹtí sílẹ̀. Abibat kúnlẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni mo dá a rò." Ó wá nawọ́ sí èjìká rẹ̀ láti tú kókó àkọ́kọ́.

"Má tú u," ni Àlímì wí.

Ó dìde. Kò yára, ó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sódò lójoojúmọ́ sì ń wò ó bí ẹni pé wọn kò rí ìrìn rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ulé, ojú mi ti lọ. Ọdún méjìlá rèé tí mi ò ti rí ojú okùn. Asimawu ló ń tún àwọ̀n mi ṣe, orí itan rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ sí. Àwọ̀n ńlá tí a jọ ń jẹ, ìpín tèmi níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló so ó. Bí àwọ̀n bá ń kú tìtorí obìnrin, ìyẹn ìbá ti kú nígbà tọ́mọ yìí wà ní píráímárì. Bí ẹ óò bá yọ mí, ẹ yọ mí torí ojú mi. Ẹ má sun aṣọ ọmọ mi."

Abibat ṣì wà lórí eékún. Ó ti wá láti dáàbò bo ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí ló wá tú ara rẹ̀ síta nítorí rẹ̀, ìfẹ́ bàbá rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé ó ń dun ún. Nígbà tó wo ẹ̀yìn, Asimawu ti gbé ojú kúrò nílẹ̀.

Ibi tí gbogbo wọn dákẹ́ sí ni ẹ̀rín ti sọ. Ìyá Bashiru ni, ìyàwó Ọládòṣù fúnra rẹ̀. Ó fi ìborùn dí ẹnu, kò ṣeé dí. Ọládòṣù bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín níbi tọ́rọ̀ dé yìí.

Ó ní, "Bàbá Bashiru, àwọ̀n tiyín ńkọ́? Ta lẹ rò pé ó ń tún un ṣe?"

Ọládòṣù ní Bashiru ni òun máa ń gbé e fún. Bashiru, géńdé onírùngbọ̀n tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo òkè, ó wo omi, ó ní ìyá òun ni òun náà máa ń gbé e fún. Ni àwọn ọkùnrin yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wo ìyàwó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyàwó sì ń wo àgbọn lórí igi. Olórí apẹja nìkan ni kò wẹ̀yìn. Ó ní oòrùn ti mú jù, kí oníkálukú máa lọ sílé, kí ẹnìkan sì bá òun gbé kẹ́rosíìnì padà fún ìyàwó òun, ó fẹ́ dáná.

Wọn kò yọ Àlímì. Ẹja kò wá lọ́sẹ̀ náà, kò wá lọ́sẹ̀ kejì, ká má parọ́. Nígbà tí òjò dé tí omi kún, ó wá, bó ṣe ń wá látijọ́.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlímì ní kí Abibat jókòó ti òun. Ó bi í pé àwọ̀ wo ló wà lábẹ́ àwọ̀n náà. Ìgbà yẹn ló tó yé Abibat pé bàbá òun kò rí fọ́tò náà rí látọjọ́ tó ti wà lára ògiri rẹ̀. Ó ní pupa ni. Bàbá ní pupa báwo. Ó ní pupa fòò, èyí tí wọ́n ń rí láti òdìkejì ọ̀sà. Àlímì rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Abibat ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Àgọ́-Ìwòyè, ó rí ìyá rẹ̀ tó gbé àpótí ìjókòó jáde láti ilé ìdáná. Asimawu gbé e sójú ọ̀nà èbúté, ní gbangba, ó padà lọ gbé àwọ̀n, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Àwọn ọkùnrin ń kọjá lọ sódò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣe bí ẹni tí kò rí i. Èkejì bojú wẹ̀yìn. Ọládòṣù ló tẹ̀ lé wọn, àjẹ̀ lórí èjìká. Ó dúró, ó wo ọwọ́ Asimawu bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Abibat."

Asimawu dá a lóhùn. Ọdún méjìlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí.